Ìgò Oyin Mẹ́fà àti Ilẹ̀kùn Kan

Gorno Lipovo, ogúnjọ́ oṣù kẹta, ọdún 2008

Nevena ọmọ mi,

Ó ti bọ́ sí i! Iṣẹ́ yẹn ti di tìẹ. Lọ ra bàtà tuntun, kí o sì sùn dáadáa. Bàbá rẹ ti parí ẹ̀.

Mo kí ọ o. Ìyá rẹ ń kí ọ. Àwọn oyin náà ń kí ọ. Àpótí igba ó lé ogójì ni mo ní báyìí, méjì péré ló kú nínú òtútù ọdún yìí. Ti Kolyo aládùúgbò wa, mọ́kàndínlógún ló kú. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, mo kàn ní kí n sọ fún ọ ni.

Ó yá, gbọ́ bó ṣe jẹ́. Nínú lẹ́tà tí o kọ lóṣù tó kọjá, o ní yunifásítì ọ̀hún ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí á máa ṣèwádìí fọ́dún mẹ́rin lórí ìgbà tí igi ń tanná àti bóyá oyin ń bá òdòdó náà níbẹ̀, pé wọ́n á máa san owó oṣù fún un, tó bá sì parí wọ́n á fún un níwèé ọ̀mọ̀wé. O ní ẹni mọ́kànléláàádọ́rin ló kọ̀wé béèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀ yẹn fún ìyá rẹ. Ilé ìwé tó ń sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́! Èmi tí mo sá kúrò ní kíláàsì kẹrin torí àgùntàn, ká ní wọ́n ń sanwó fún mi ni, ǹ bá ṣì jókòó síbẹ̀ dòní.

Mo wá bi ara mi pé kí làwọn àádọ́rin tó kù ní tí ọmọ mi ò ní? Ìwé? O níwèé. Ọpọlọ? Tèmi lo jogún. Ohun tó kù ni kẹ́nì kan lọ kí ọ̀gá ibẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá. Ìwọ ò lè ṣe é, ojú á tì ọ́. Ìyá rẹ lo jọ níbẹ̀ yẹn.

Ni mo bá di páálí kan. Ìgò oyin mẹ́fà láti ara òdòdó igi lípà, èyí tí àlùfáà gbàdúrà sí lọ́jọ́ Sáńtì Haralampi, ọjọ́ àwa oníoyin, tí mi ò kì í fún olórí ìlú pàápàá. Ọtí rakíà lítà méjì, èyí tí mo fi èso púlọ́ọ̀mù ọdún 2003 pọn. Àti lẹ́tà ojú ìwé méjì sí purofẹ́sọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Mo gbé e fún Panayot tó ń wa bọ́ọ̀sì lọ sí Sweden ní gbogbo Fráídè. Mo ní, "Panayot, obìnrin náà ń jẹ́ Gunvor Hallin. Tí páálí yìí bá sọnù, má padà sí abúlé yìí."

Àná ló dé. Ó ní obìnrin kan níwájú ọ́físì gbà á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fún òun ní ìwé tó ní òǹtẹ̀ àti nọ́ńbà. Òǹtẹ̀, Nevena! Láti ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń kí àwọn ọ̀gá, kò sẹ́ni tó fún mi ní rìsíìtì rí. Àwọn èèyàn gidi nìyẹn.

Mo ti sọ fún wọn nílé kọfí. Ẹnu Kolyo ò lè pa dé.

Bàbá rẹ,
Mincho, alápòótí igba ó lé ogójì


Lund, Sweden, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹta, ọdún 2008

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìtọ́jú oyin. Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́?

Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe sí mi báyìí? Ìdúró ni mo wà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka lẹ́tà yín. Nígbà tí mo dé ibi ìgò mẹ́fà, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo dé ibi òǹtẹ̀, mo bojú.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Níbí, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá kọ sí yunifásítì ìjọba, wọ́n á lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà, wọ́n á tò ó sínú fáìlì. Ẹnikẹ́ni tó bá sì wọlé láti títì pé òun fẹ́ kà á, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un kó kà á. Kì í ṣe ọpẹ́ ni wọ́n fi òǹtẹ̀ yẹn dú. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni: oyin ìgò mẹ́fà, ọtí líle lítà méjì, láti ọwọ́ bàbá ẹni tó ń béèrè iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hallin ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́físì akọ̀wé. Mo rí i. Orúkọ wa wà lára ẹ̀ gàdàgbà.

Ẹni tó bá fẹ́ gba èèyàn síṣẹ́ níbí, ife kọfí kan ò gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Nínú ẹni mọ́kànléláàádọ́rin, mẹ́fà ni wọ́n mú pé kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù tó ń bọ̀. Mo wà nínú wọn, bàbá mi. Kí páálí yín tó dé ni wọ́n ti mú mi. Mi ò tíì sọ fún yín torí mo fẹ́ kó dá mi lójú ná. Ní báyìí, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n á yọ mí.

Oyin yín ló dára jù láyé, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́. Ẹ sì má sọ fún ẹnikẹ́ni nílé kọfí pé ẹ ti ra iṣẹ́ fún mi. Mo bẹ̀ yín.

Ọmọ yín,
Nevena


Gorno Lipovo, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ọdún 2008

Nevena,

Mo kí ọ. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́, ẹnu ẹ̀ ló wúwo. Látìgbà tó ti ka lẹ́tà rẹ, kò pè mí ní Mincho mọ́, "ọ̀gbẹ́ni oníkọ́bọ́ọ̀dù" ló ń pè mí.

Ta ló ra iṣẹ́? Mo kí èèyàn ni, n ò ra nǹkan kan. Tí mo bá fẹ́ ra nǹkan, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ná an. Ìgbà tí mo ń wá ìwé ọkọ̀ ńlá tí mo fi ń kó oyin lọ sínú igbó, oṣù méje ni wọ́n fi ń dá mi padà ní ọ́físì kan. "Ọ̀la, Mincho. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Mincho." Ìgò mẹ́rin ni mo gbé lọ lọ́jọ́ kan, kí n tó jáde, íńkì ti gbẹ lórí ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ yẹn ló gbé owó ilé ìwé rẹ, ìwọ náà mọ̀. Láìsí ìgò mẹ́rin yẹn, àgùntàn lò bá máa dà báyìí.

O ní ẹnikẹ́ni lè wọlé wá ka lẹ́tà mi? Kó wọlé! Kí wọ́n kà á fáwọn ọmọdé! Kò sóhun ìtìjú nínú ẹ̀. Mo sọ bí mo ṣe tọ́ ọ. Mo sọ nípa ilẹ̀kùn ilé oyin wa, pé láti ọdún 1977 ni mo ti ń kọ ọjọ́ tí lípà bá kọ́kọ́ tanná sára ẹ̀, tí n ò fo ọdún kan rí. Títí kan ọdún tí wọ́n bí ọ, tí mo fi ìyá rẹ sílẹ̀ ní ọsibítù, mo ní mò ń lọ gbé omi wá, mo sáré gba inú igbó. Odidi oṣù mẹ́ta ló fi bú mi. Ṣé irọ́ ni mo pa fún purofẹ́sọ̀ rẹ?

Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ṣé kò sún mọ́ ẹ̀rọ amúlégbóná? Tí oyin bá gbóná jù, òórùn ẹ̀ á lọ. Bá mi wò ó.

Nílé kọfí, Kolyo ní, "Mincho, wọn ò tíì kọ̀wé ọpẹ́?" Mo ní, "Òǹtẹ̀ ni wọ́n fi dúpẹ́." O fẹ́ kí n wá padà lọ sọ fún un pé kọ́bọ́ọ̀dù ni?

Bàbá rẹ


Lund, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, ọdún 2008

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Kọ́bọ́ọ̀dù náà ò sún mọ́ ẹ̀rọ amúlégbóná. Mo lọ wò ó, kí ọkàn yín balẹ̀.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, ọ̀gá ẹ̀ka wa pè mí. Àwọn mẹ́ta ló jókòó. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ nípa páálí yìí kó tó dé?" Mo ní rárá. Wọn ò lè ní kí èmi bá wọn túmọ̀ lẹ́tà yín, torí èmi lọ̀rọ̀ kàn, nítorí náà wọ́n gbé e fún ògbufọ̀ tó búra fún ìjọba. Ẹ̀dà tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Swedish ni wọ́n gbé sí iwájú mi. Bàbá mi, èmi ni mo jókòó tí mò ń ka lẹ́tà bàbá mi lédè ẹlòmíì lójú èèyàn mẹ́ta: "Ọmọ mi kì í ṣọ̀lẹ. Ó lè dá gbé àpótí oyin. Tí oyin bá ta á lójú, kì í sunkún, oyin náà ló máa ń bú. Ẹ̀yin náà ẹ bi àwọn àádọ́rin tó kù bóyá wọ́n lè ṣe é." Ọkùnrin tó wà láàárín bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò sì ní ikọ́.

Wọ́n ní àwọn gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé ló ń fèsì ìwé níbí. Tí ìwé bá dé látọ̀dọ̀ yín kó tó di ọjọ́ kẹrìnlélógún, tó sọ pé n ò mọ̀, pé kò sẹ́ni tó rán yín, pé ẹ ò sì retí nǹkan kan, wọ́n á jẹ́ kí n wọlé. Tí kò bá dé, ẹni keje ni wọ́n á pè rọ́pò mi.

Panayot ń padà lónìí. Á fi lẹ́tà yìí lé yín lọ́wọ́, ẹ fi ìdáhùn lé e lọ́wọ́ kó tó ṣí lọ́jọ́ Fráídè. Ìlà mẹ́ta ti tó, bàbá mi. Ẹ má fi oyin sí i. Ẹ má fi Kolyo sí i.

Nevena yín


Gorno Lipovo, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹrin, ọdún 2008

Nevena,

Ó wà níbí. Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi kọ ọ́. Ìyá rẹ fẹ́ bá mi tún un ṣe, mo lé e jáde.

"Sí yunifásítì. Èmi Mincho Dobrev, oníoyin, mo ń sọ fún yín báyìí pé ọmọ mi ò mọ̀. Ká ní ó mọ̀ ni, ì bá ti wọkọ̀ wá sílé wá gba páálí náà lọ́wọ́ mi. Kò sẹ́ni tó rán mi. Láti ìgbà tí mo ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, èmi kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi ìyàwó mi. N ò retí nǹkan kan lọ́wọ́ yín, mo ní tèmi. Tí mo bá ṣe ohun tí ẹ kì í ṣe lọ́dọ̀ yín, èmi ni kí ẹ bínú sí, ẹ má bínú sí i. Ẹ má sì gbé oyin náà sínú oòrùn."

Mo mọ̀ pé o ní kí n má fi oyin sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dárúkọ ẹ̀.

Wọlé síbẹ̀, Nevena. Má bẹ̀rù àwọn mẹ́ta yẹn. Ìwọ tí oyin ti ta tó ìgbà ẹgbẹ̀rún.

Bàbá rẹ


Lund, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin, ọdún 2008

Bàbá mi,

Ẹ ṣé. Mo mọ ohun tó ná yín láti kọ ọ́. Wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n túmọ̀ ẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí n wọlé. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n ka ibi "àfi ìyàwó mi," ọkùnrin oníkọ́ yẹn jáde lọ mumi.

Ogójì ìṣẹ́jú ni mo lò níwájú wọn. Wọ́n bi mí pé, "Báwo lo ṣe máa mọ ọjọ́ tí igi tanná gan-an?" Àwọn kan ti dáhùn pé àwọn á gbé kámẹ́rà sórí igi. Mo ní ojú èèyàn lè rí òdòdó tó ti là, kó má tíì ní nǹkan kan nínú. Mo ní òwúrọ̀ tí oyin bá kọ́kọ́ bà lé e tí kò sì tètè kúrò, òun ni mo máa kọ sílẹ̀. Ẹ rántí ẹni tó kọ́ mi. N ò dárúkọ yín, ẹ má bínú, n ò fẹ́ kí wọ́n tún wúkọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Òfin ò jẹ́ kí páálí yẹn wà lọ́dọ̀ wọn. Panayot ń gbé e bọ̀. Gbogbo ẹ̀ pé, kò sẹ́ni tó ṣí ìgò kankan. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pé wọ́n kọ oyin yín. Ẹ̀bùn ni wọn ò lè gbà.

Wọ́n ní èsì á jáde kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí. Ẹ kọ̀wé sí mi.

Nevena


Lund, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún, ọdún 2008

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ọ̀sẹ̀ kẹta nìyí tí Panayot ń dé lọ́wọ́ òfo. Mo bi í léèrè, ó ní, "Bàbá rẹ wà láàyè. Ó kàn ń wo mí bí ẹni tí mo jí nǹkan ẹ̀ ni."

Èsì ti jáde. Mo ṣe ìkejì. Ọkùnrin kan láti Finland ló ṣe ìkíní. Ẹnì kan ni wọ́n ń mú, àfi tí ẹni ìkíní bá ní òun ò ṣe mọ́ ni ìkejì fi lè bọ́ sí i, ẹni orí ẹ̀ pé kì í sì í kọ irú iṣẹ́ yìí. Mo sunkún díẹ̀. Mo ti bọ́jú. Ọ̀nà irú ẹ̀ kan tún ṣí ní Vienna, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà ni wọ́n máa ti í, mo ti ń múra ìwé ẹ̀.

Ṣé torí oyin tí wọ́n dá padà lẹ ṣe dákẹ́? Ẹ bú mi. Ó sàn ju kí ẹ dákẹ́ lọ.

Nevena


Gorno Lipovo, ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún, ọdún 2008

Nevena mi,

Èmi Tsonka ni, ìyá rẹ. Mo jí ìwé lára ìwé bàbá rẹ kọ èyí. Ṣé ò ń jẹun?

Páálí ọ̀hún wà lórí tábìlì láti ọjọ́ tí Panayot ti gbé e dé. Kò ṣí i. Kò jẹ́ kí n gbé e kúrò. Etí tábìlì la ti ń jẹun bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin. Kolyo yọjú láti ojú fèrèsé, ó ní, "Mincho, mo gbọ́ pé oyin rẹ lọ sí òkè òkun, ó wá padà wálé torí òtútù." Bàbá rẹ ò fèsì. Ṣé o gbọ́? Kò fèsì. Kò tún lọ sílé kọfí mọ́.

Nígbà tí lẹ́tà rẹ dé pé o ṣe ìkejì, ó kà á, ó ká a, ó ní, "Èmi ni mo bà á jẹ́, Tsonka. Ká ní n ò fi nǹkan kan ránṣẹ́, ìkíní ni ì bá ṣe." Láti àná ló ti ń jókòó ti kálámù. Kò lè sọ fún ọ, ni mo fi ń sọ ọ́. Má sọ pé mo sọ.

Tí o bá ń lọ sí Vienna, mú aṣọ òtútù dání.

Ìyá rẹ


Lund, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹfà, ọdún 2008

Bàbá mi,

Mo gba iṣẹ́ náà.

Ẹ jókòó ná kí ẹ tó tún pariwo. Ará Finland ọ̀hún, ìyàwó ẹ̀ ríṣẹ́ ní ìlú wọn, ó ní òun ò wá mọ́. Lọ́jọ́ Túsìdeè ni wọ́n pè mí. Mo ti buwọ́ lùwé. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ni mo máa bẹ̀rẹ̀, ọdún mẹ́rin gbáko, pẹ̀lú owó oṣù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gbọ́ mi dáadáa. Mo béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé bóyá páálí yẹn fa nǹkan kan sẹ́yìn nínú máàkì mi. Ó fi ìwé hàn mí, torí gbogbo ẹ̀ wà nínú fáìlì. Kò yọ máàkì kan, kò sì fi kan kún un. Ará Finland yẹn kàn ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí ni. Oyin yín ò ba nǹkan kan jẹ́. Ṣùgbọ́n òun náà kọ́ ló gbà á fún mi, bàbá mi. Orí tábìlì yín ni oyin yín wà lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí.

Lóṣù kẹjọ mo ń bọ̀ nílé. N ò fẹ́ gba ojúde ilé kọfí kọjá kí n máa gbọ́ pé, "Ọmọ tí wọ́n fi oyin gba iṣẹ́ fún nìyẹn." Ọdún méje ni mo fi kàwé. Mo fọ abọ́ nílé oúnjẹ, mo kàwé nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn lóṣù kẹta. Ẹ̀yin náà ni kí ẹ lọ sọ òótọ́ fún wọn. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ lọ́wọ́ yín.

Rárá, ó ku ọ̀kan. Ọjọ́ kejì tí mo buwọ́ lùwé, Ọ̀jọ̀gbọ́n Hallin wá bá mi. Ó mú ẹ̀dà lẹ́tà yín àkọ́kọ́ lọ́wọ́, èyí tí wọ́n túmọ̀. Ó ní òun ti ń rántí ìlà kan láti oṣù kẹta, òun ò lè bi mí nígbà náà torí iṣẹ́ ò tíì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó na ìka sí i, ó ní, "Ilẹ̀kùn yìí, ṣé ó wà lóòótọ́?" Mo ní ó wà. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀. Láti apá ọ̀dọ̀ wa, àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án péré ni wọ́n ní, látọwọ́ ẹnì kan tó máa ń gbàgbé. Tiyín jẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ó fẹ́ ọjọ́ inú ọdún kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fọ́tò. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Wọ́n á kọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú yín, orúkọ yín á sì wà lára iṣẹ́ náà. Kó pé lọ́wọ́ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Bàbá mi, ẹ má fi ilẹ̀kùn náà ránṣẹ́ o.

Nevena yín


Gorno Lipovo, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹfà, ọdún 2008

Nevena, òṣìṣẹ́ yunifásítì,

Lípà tanná láàárọ̀ yìí! Mo kí ọ, ìyá rẹ kí ọ. Aago méje kọjá díẹ̀ ni oyin àkọ́kọ́ bà lé e, kò kúrò. Mo dúró tì í títí ọrùn fi ń ro mí. Mo ti kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn, mo ti kọ ọ́ síbí. Fi han obìnrin yẹn.

Mo ti lọ sílé kọfí. Mo wọlé, n ò jókòó, àárín ni mo dúró sí. Mo ní, "Ẹ gbọ́ o! Iṣẹ́ Nevena ti bọ́ sí i."

Kolyo ní, "O ti sọ ìyẹn fún wa lóṣù kẹta."

Mo ní, "Ti oṣù kẹta, irọ́ ni. Tòní ni òótọ́."

"Ìgò mélòó lo wá fi kún un?"

"Ìgò kankan ò sí ńbẹ̀. Wọ́n dá oyin mi padà, ìwọ náà rí i láti ojú fèrèsé. Orí tábìlì mi ló wà nígbà tí wọ́n pè é. Ọpọlọ ẹ̀ ló fi gbà á."

Kolyo yí ife ẹ̀ po, ó wò mí, ó ní, "Ọpọlọ tó jogún lọ́dọ̀ ta ni, Mincho?"

Nevena, ó ti dé ètè mi. Ọlọ́run rí mi. Mo gbé e mì. Mo ní, "Lọ́dọ̀ ìyá ẹ̀."

Ìyá rẹ ti gbọ́ o. Kò jẹ́ n sinmi nínú ilé yìí mọ́. Mo gbé rakíà lítà méjì yẹn sórí tábìlì wọn, a mu ún tán. Kolyo ní, "Ọtí tó rìn jìnnà tó báyìí!" Mo ní kó má bínú, pé èmi náà ò tíì débẹ̀. Mo ṣí ìgò oyin kan fún ìyá rẹ, márùn-ún yòókù ń dúró dè ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Láti ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, torí lọ́dún 1977 n ò ní àga, orí àpótí oyin tó ṣófo ni mo ń jókòó. Bí mo ṣe ń ga láyé ló ń ga lára ilẹ̀kùn. Tí o bá ń kọ iṣẹ́ yẹn, kọ ìyẹn sí i. Àmọ́ lọ́dún 1989, ìyá rẹ mú ọ̀dà aláwọ̀ ewé, ó kun ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà dé ìbàdí. Ó ní ó dọ̀tí. Ọdún méjìlá ló wà lábẹ́ ọ̀dà yẹn! Ṣé o mọ̀ pé mo kọ̀wé sí yunifásítì pé n ò fo ọdún kan, mi ò rántí ọ̀dà. Ọ̀bẹ kékeré tí mo fi ń ṣí afárá oyin ni mo fi ń ha á báyìí, díẹ̀díẹ̀, kí pẹ́ńsù abẹ́ ẹ̀ má bàa bá a lọ. Ìyá rẹ ń gbé omi gbígbóná wá fún mi. Ó mọ ohun tó ṣe.

Ọdún mọ́kàndínlógún tó wà lókè ọ̀dà wà nínú ìwé tí mo ká mọ́ èyí. Nínú àwọn ti ìsàlẹ̀, ọdún tìẹ ni mo kọ́kọ́ ha jáde, 1983. Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹfà ni. Ó hàn ketekete, kò parẹ́ rárá. Mo kọ "ọmọbìnrin" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Mi ò rántí pé mo kọ ọ́.

Sọ fún purofẹ́sọ̀ rẹ pé kó fọkàn balẹ̀, Mincho kì í jẹ gbèsè mọ́jú. Ọdún mọ́kànlá ló kù tí mo jẹ ẹ́, á pé lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án.

Bàbá rẹ,
Mincho